Aago ń lọ, ọjọ́ kò yí: ìdí tí wíjẹ́ẹ̀tì fi ń dúró sójú kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ló ra fóònù Android tí mò ń lò. Òun náà ló to nǹkan mẹ́ta sí ojú rẹ̀ nígbà tó wá sílé: aago, ojú ọjọ́, àti àkókò ìrun. Aago ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àkókò ìrun dúró sí ọjọ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ Àìkú, ojú ọjọ́ sì ń sọ pé òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn. Tí mo bá tẹ̀ wọ́n, áàpù á ṣí, gbogbo rẹ̀ á sì tọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, a tún padà sí ti àná. Mo ti ra dátà kún dátà, mo ti yọ wọ́n kúrò, mo ti tún wọn fi síbẹ̀. Mo sì máa ń fi áàpù ìgbálẹ̀ tó bá fóònù náà wá gbá a mọ́ lálaalẹ́ kó má baà wúwo. Ti ọmọ mi kì í ṣe báyìí lórí iPhone rẹ̀. Ṣé fóònù tèmi ni kò dára ni?" (Àlájà kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ìyá wa Àlájà, ẹ kú ìsinmi o. Rárá, fóònù yín kò bàjẹ́, kì í sì í ṣe dátà ló fà á. Ohun tí mo dì mú jù nínú lẹ́tà yín ni gbólóhùn tí ẹ sọ nípa ìgbálẹ̀ alaalẹ́ yẹn. Ó jọ pé áàpù ìgbálẹ̀ náà ló ń dá áàpù ìrun àti ti ojú ọjọ́ dúró lójoojúmọ́, tí ètò ìpamọ́ bátìrì inú fóònù sì ń ràn án lọ́wọ́. Kí n tó sọ bí ẹ ṣe máa tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wíjẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irú àwọn nǹkan mẹ́ta tí ọmọ yín tò sí ojú fóònù yín, jẹ́ gan-an, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa yọ ọ́ kó tún máa fi í síbẹ̀ lásán mọ́.

Ẹ rántí pátákó ìkọ̀wé inú kíláàsì. Láàárọ̀, kí ẹ tó wọlé, ọmọ tó jẹ́ mọ́nítọ̀ á ti nu ti àná kúrò, á sì kọ ọjọ́ òní sí igun òkè. Pátákó kì í kọ nǹkan fúnra rẹ̀. Tí mọ́nítọ̀ kò bá wá sílé ẹ̀kọ́, ọjọ́ àná ló máa wà níbẹ̀, á sì hàn ketekete bí ẹni pé òní ni wọ́n kọ ọ́. Bí wíjẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Android nìyẹn, láti ìgbà tó ti dé pẹ̀lú Android 1.5 lọ́dún 2009. Ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù kì í ṣe áàpù ìrun fúnra rẹ̀. Áàpù mìíràn tó ń to ojú fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní launcher, ló gbé e síta fún yín. Áàpù ìrun wà lẹ́yìn, ó sùn. Tí àkókò bá tó, Android á jí i, á fi ohun tuntun ránṣẹ́ sí launcher, á tún padà lọ sùn. Tí ohunkóhun bá dí i lọ́wọ́ láti jí, launcher á kàn máa fi èyí tó gbà kẹ́yìn hàn yín. Kò ní sọ fún yín pé ti àná ni.

Wàyí o, ẹ wo bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ṣe, nítorí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Aago ń lọ nítorí pé aago orí ògiri ni, kò dúró de mọ́nítọ̀. Irú aago kan wà lórí Android tó jẹ́ pé launcher ló ń yí i láti inú aago fóònù, láìjí áàpù kankan. Nítorí náà, pé aago ń lọ kò túmọ̀ sí pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà láàyè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà: wọ́n á rí aago tó tọ́, wọ́n á gba gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́.

Wíjẹ́ẹ̀tì ìrun ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ áàpù ìrun kì í béèrè àkókò lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ wà, ọjọ́ tó jẹ́, àti ibi tí oòrùn máa wà lójú ọ̀run ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, inú fóònù yín ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ká ní dátà ni ìṣòro, ojú ọjọ́ nìkan ni ì bá dúró, ìrun ì bá máa lọ ní tirẹ̀. Àmọ́ àwọn méjèèjì jọ dúró ni. Ohun tó lè dá áàpù tí kò nílò dátà dúró kò lè jẹ́ àìsí dátà. Owó tí ẹ fi kún dátà yẹn, ẹ má ná irú rẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí n fi kan kún un, nítorí ọ̀rọ̀ ìrun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà púpọ̀ sí ìlà tó pín ayé sí méjì, àkókò ìrun níbẹ̀ kì í sì í yí ju ìṣẹ́jú kan lọ láti ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì. Àkókò ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ rí ní àárọ̀ Àìkú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Àìkú rárá. Ní London lóṣù September, Mọ̀gàríbì nìkan lè fi bí ìṣẹ́jú méjì yí lójúmọ́, ọmọ yín á tètè fura. Lọ́dọ̀ tiwa, àṣìṣe náà lè fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣì yín lọ́nà ni ibi tí wíjẹ́ẹ̀tì ti ń fi ìrun tó kàn hàn, nítorí ó lè máa sọ pé Ìṣáì ló kàn nígbà tó jẹ́ pé Àìlà ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àgbàlagbà tó bá bi mí pé kí wọ́n mú èyí tó ń kọ ọjọ́ sára nínú oríṣiríṣi wíjẹ́ẹ̀tì tí áàpù ìrun bá gbé kalẹ̀, kódà bó bá tóbi díẹ̀ jù. Wíjẹ́ẹ̀tì tí kò kọ ọjọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ nígbà tó bá ti kú. Títí tí a ó fi tún èyí ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí áàpù ṣí kí ẹ tó gbára lé e, tàbí kí ẹ tẹ̀ lé ìpè mọ́sálásí àdúgbò yín.

Kí ló dé tó fi ń tọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́? Lórí Android, áàpù tí wọ́n bá fi agbára dá dúró kì í gbọ́ ìpè kankan mọ́ títí tí ẹni tó ni fóònù fi máa ṣí i fúnra rẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti Android 3.1, ìyẹn ọdún 2011. Bọ́tìnnì Force stop tó wà nínú Settings ló ń ṣe é, àwọn áàpù ìgbálẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ fóònù gbé sínú fóònù láti ilé náà sì lè ṣe é, nítorí àṣẹ tí wọ́n ní ju ti áàpù tí èèyàn gbé látorí Play Store lọ. Nítorí náà, lálẹ́, ẹ gbá fóònù, ẹ sì ti mọ́nítọ̀ mọ́lé. Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó yí ọjọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, mọ́nítọ̀ jáde, ó kọ ọjọ́ òní. Tó bá di alẹ́, ẹ tún tì í mọ́lé. Ìdí tí ẹ fi ń padà sí ti àná lójoojúmọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ ṣi nǹkan tò.

Lórí Android 15, tó jáde lọ́dún 2024, wọ́n ti jẹ́ kí èyí hàn sójú: wíjẹ́ẹ̀tì áàpù tí wọ́n fi agbára dá dúró á di aláwọ̀ eérú, kò sì ní dáhùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àárín àwọn áàpù yòókù lẹ ti máa lọ ṣí áàpù náà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Mo fẹ́ràn àtúnṣe yìí gidigidi. Wíjẹ́ẹ̀tì tó jẹ́wọ́ pé òun ti kú sàn fíìfíì ju èyí tó ń fi ọjọ́ àná dá èèyàn lójú lọ.

Nípa ìgbálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù pé fóònù á wúwo ló ń jẹ́ kí ẹ ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fóònù ló sì ń kọ́ àwọn oníbàárà wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Android ní ọ̀nà tirẹ̀ láti yọ áàpù tí kò níṣẹ́ kúrò nígbà tí àyè bá fún un. Áàpù tí ẹ bá pa lónìí tó sì tún gbọ́dọ̀ dìde lọ́la, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń jẹ bátìrì ju kó sùn sí àyè rẹ̀ lọ. Bí ọkàn yín kò bá gbà kí ẹ jáwọ́ pátápátá, ẹ wò ó bóyá áàpù ìgbálẹ̀ náà ní ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì yan ìrun àti ojú ọjọ́ síbẹ̀. Lórí àwọn fóònù kan, tí ẹ bá ṣí àkójọ áàpù tí ẹ lò kẹ́yìn, ẹ máa rí àgádágodo kékeré tí ẹ lè tẹ̀ sórí áàpù kí ó má baà bá àwọn yòókù lọ nígbà tí ẹ bá pa gbogbo wọn dé.

Ohun kejì ni bátìrì. Ẹ tẹ àwòrán áàpù ìrun mọ́lẹ̀ títí tí àkọsílẹ̀ kékeré á fi jáde, ẹ yan App info, kí ẹ wá Battery níbẹ̀. Láti Android 12, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ohun mẹ́ta lẹ máa bá: Unrestricted, Optimized, àti Restricted. Ti áàpù ìrun, ẹ fi sí Unrestricted. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ọjọ́. Kí ẹ má ṣe é fún gbogbo áàpù o; méjì péré yìí tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì yín á tètè tán. Lójú ewé App info kan náà, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ohun kan tó ń jẹ́ Pause app activity if unused tàbí Manage app if unused. Ẹ pa á. Ó wà fún àwọn áàpù tí èèyàn kò ṣí fún oṣù díẹ̀, àwọn tó ń fi ojú wo wíjẹ́ẹ̀tì láìtẹ̀ ẹ́ sì lè bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kò sọ irú fóònù tí ẹ ń lò, nítorí náà ẹ wo èyí tó jọ tiyín. Lórí Tecno àti Infinix, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Phone Master. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fún áàpù láṣẹ láti dìde fúnra rẹ̀, kí ẹ tan ti ìrun àti ojú ọjọ́. Lórí Redmi àti Xiaomi, Autostart ni wọ́n ń pè é. Lórí Samsung, ẹ lọ sí Settings, Battery, Background usage limits, kí ẹ fi àwọn méjèèjì sínú àwọn tí kì í sùn, kí ẹ sì rí i dájú pé wọn kò sí nínú Deep sleeping apps, nítorí àwọn tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ rárá àfi tí ẹ bá ṣí wọn. Orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí máa ń yí díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ autostart tàbí sleep sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, ó máa gbé yín débẹ̀.

Èmi náà ti jẹ ìyà èyí rí. Fóònù kan tí mo lò ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn kì í jẹ́ kí wíjẹ́ẹ̀tì ojú ọjọ́ mi kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Alẹ́ méjì ni mo fi ń yọ áàpù náà tí mo tún ń gbé e sórí fóònù, tí mo ń dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi nínú ọkàn mi. Ìgbà tí mo wá wo ibi bátìrì ni mo rí i pé fóònù náà ní ètò ìpamọ́ kan tó máa ń tan ara rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tó sì ń pa gbogbo áàpù tó wà lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, tí wíjẹ́ẹ̀tì bá dúró, ibi bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, kí n tó fọwọ́ kan áàpù.

Ohun kan tún wà tó kan ìrun ju ojú ọjọ́ lọ. Wíjẹ́ẹ̀tì ìrun ní láti yí ní àkókò pàtó: bí Alásàrí bá ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ fi Mọ̀gàríbì hàn pé òun ló kàn. Kí áàpù tó lè jí ní ìṣẹ́jú pàtó báyìí, Android 12 sókè ń béèrè àṣẹ kan tí wọ́n pè ní Alarms & reminders. Láti Android 14, ọ̀pọ̀ áàpù tuntun tí ẹ bá gbé sórí fóònù kì í ní àṣẹ yìí àfi tí ẹ bá fún un. Ẹ wá a nínú Settings, Apps, Special app access, kí ẹ tan ti áàpù ìrun. Láìsí i, àkókò lè yí pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀, ìpè ìrun inú fóònù náà sì lè pẹ́ kó tó dún.

Ní ti ojú ọjọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbálẹ̀ àti bátìrì, nǹkan méjì ló kù. Èkíní ni dátà ẹ̀yìn. Bí Data Saver bá wà ní títàn, áàpù tí ẹ kò ṣí kò ní lè lo dátà. Ẹ lọ sí App info rẹ̀, Mobile data, kí ẹ gbà á láyè láti lo dátà lẹ́yìn, kódà nígbà tí Data Saver bá wà ní títàn. Ìròyìn ojú ọjọ́ kì í jẹ dátà tó fídíò rárá, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá sì ń pa dátà pátápátá lálẹ́, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, ẹ mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò ní yí títí ẹ ó fi tan án, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Èkejì ni ibi tí ẹ wà. Láti Android 10, fóònù ya ẹni tó lè mọ ibi tí ẹ wà nígbà gbogbo sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá ṣí i nìkan. Bí ẹ bá fún ojú ọjọ́ ní èyí tó kéré, tí ẹ wá ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí àwọn ará ní Èkó, ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ló lè máa fi hàn yín ní Èkó. Ẹ lè yan Allow all the time. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ sábà máa ń wà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fún un ní àṣẹ náà rárá: ẹ ṣí áàpù ojú ọjọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kọ Ìjẹ̀bú-Òde síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú yín, kí ẹ sì ṣe bákan náà nínú áàpù ìrun. Àṣírí yín á wà ní ìpamọ́, bátìrì á pẹ́, wíjẹ́ẹ̀tì kò sì ní máa dúró de ìgbà tí fóònù bá rí ibi tí ẹ wà kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ yí ìlú náà padà.

Ẹ sọ pé ẹ ti yọ wọ́n, ẹ ti tún wọn fi síbẹ̀. Mo gbà pé ó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Tí ẹ bá ti ṣí áàpù, tí ẹ wá gbé wíjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀tun, Android á jí áàpù náà láti kọ èyí àkọ́kọ́, ọjọ́ òní á sì hàn síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń pa áàpù lálẹ́ ṣì wà níbi tó wà. Yíyọ àti títún fi síbẹ̀ wúlò gan-an nígbà tí wíjẹ́ẹ̀tì bá di àpótí òfìfo tó ń sọ pé òun kò lè ṣí, èyí tó máa ń wáyé nígbà mìíràn lẹ́yìn tí áàpù bá ti gba àtúnṣe láti Play Store. Ó sì di dandan tí ẹ bá pààrọ̀ launcher, nítorí ọwọ́ launcher ni wíjẹ́ẹ̀tì wà, kò sì ń bá yín lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún ẹlòmíràn tó ń ka èyí tí wíjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì dé ojú fóònù rárá: tẹ ibi tó ṣófo mọ́lẹ̀ lójú fóònù, yan Widgets, tẹ èyí tí o fẹ́ mọ́lẹ̀, kí o fà á síbi tí o fẹ́. Tí áàpù náà kò bá sí nínú àkójọ, ṣí i lẹ́ẹ̀kan ná, kí o tún wò. Tí o bá ti gbé áàpù náà lọ sórí mẹ́mọ́rì káàdì, gbé e padà sínú fóònù, nítorí wíjẹ́ẹ̀tì áàpù tó wà lórí káàdì kì í ṣeé gbára lé. Tí ojú fóònù kò bá gbà kí o gbé nǹkan kan kalẹ̀ rárá, wò ó bóyá wọ́n ti ti ètò ojú fóònù pa nínú Settings. Lórí Samsung, Lock Home screen layout ni orúkọ rẹ̀.

Ìyá wa, lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má retí pé wíjẹ́ẹ̀tì á máa yí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí aago. Android fúnra rẹ̀ kì í jí wíjẹ́ẹ̀tì lọ́nà àbáláyé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Áàpù lè fi ọ̀nà mìíràn bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè jí òun, síbẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kì í kéré sí ìṣẹ́jú 15. Tí ẹ bá sì gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì ní òru, tí kò sí lórí ṣáàjì, tí iná ojú rẹ̀ kú, ètò kan tó ń jẹ́ Doze, tó dé pẹ̀lú Android 6 lọ́dún 2015, á máa fi oorun kún oorun fún un, àkókò tó ń jí á sì máa jìnnà síra. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé fóònù ní ìdájí fún Àsùbáà, tí ojú ọjọ́ ṣì jẹ́ ti alẹ́ àná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yí, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ti alẹ́ ìjẹta ló máa jẹ́ ìṣòro.

Ọ̀rọ̀ iPhone ọmọ yín ni mo fẹ́ kẹ́yìn sí, nítorí ó dà bíi pé ó ń dùn yín pé tirẹ̀ ń ṣe dáadáa. Apple kò gbé ètò náà kalẹ̀ bíi ti Android. Láti iOS 14 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone) lọ́dún 2020 tí wọ́n ti fi wíjẹ́ẹ̀tì sí ojú iPhone, áàpù lè kọ ohun púpọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kó fi àkókò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kó gbogbo rẹ̀ fún fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dà bí olùkọ́ tó kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún olùkọ́ kékeré kó tó rìnrìn àjò. Ìrun márùn-ún òní àti ti ọ̀la lè ti wà lọ́wọ́ iPhone náà, á máa fi wọ́n hàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kódà bí áàpù ìrun bá sùn fọnfọn. Ìdí tí ìrun fi ń tọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò ṣeé kọ sílẹ̀ ṣáájú bẹ́ẹ̀, Apple sì fi òté lé e: wíjẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń wò déédéé máa ń gba ìtúnṣe 40 sí 70 lóòjọ́, ó sì lè fi tó wákàtí kan pẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ti òun náà dúró, kí ó wo Background App Refresh nínú Settings, General, kí ó rí i pé Low Power Mode kò sí ní títàn, kí ó sì fún áàpù ojú ọjọ́ ní àṣẹ While Using the App or Widgets. Ẹ ò rí i, fóònù yín kò kéré sí tirẹ̀, ètò wọn ni kò dọ́gba.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é nìyí. Ní alẹ́ òní, ẹ ṣí áàpù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì gbá fóònù. Ohun kan ṣoṣo yẹn ni kí ẹ yí ná. Láàárọ̀, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ wo ọjọ́ tí wíjẹ́ẹ̀tì ìrun kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá tọ́, ìgbálẹ̀ nìkan ló dá a sílẹ̀, ẹ kò ní láti fọwọ́ kan bátìrì. Bó bá ṣì dúró, ẹ ṣe ti bátìrì àti ti dídìde fúnra rẹ̀ ní alẹ́ kejì, kí ẹ tún wò ó lárọ̀ ọjọ́ kẹta. Tí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe é, tí ó bá sì tún dúró lẹ́yìn tí fóònù bá gba àtúnṣe tuntun, àtìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn alẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Android version, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú irú fóònù náà, orúkọ áàpù ìrun tí ẹ ń lò, àti ọjọ́ tí wíjẹ́ẹ̀tì kọ ní àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn á tó mi láti mọ ibi tí mọ́nítọ̀ wà.